Ìyìn Ènìyàn Tàbí Ìbùkún Ọlọ́run



Jòhánù Mímọ́, ní orí kejìlá Ìhìnrere rẹ̀, sọ ti àwọn olórí Júù kan tí wọ́n gba Jésù gbọ́ ní ìkọ̀kọ̀, tí wọ́n sì pa ẹnu mọ́ nítorí àwọn Farisí. Kì í ṣe àìmọ̀ ni ó dí wọn lọ́wọ́. Ipò wọn nínú sínágọ́gù ni wọn kò fẹ́ pàdánù.

Ẹ wo Nikodémù, ọ̀kan nínú àwọn olórí náà. Òru ni ó kọ́kọ́ tọ Olúwa lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú Olúwa lórí àgbélébùú, nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ti fọ́nká, òun ni ó gbé òjíá àti álóè wá, nǹkan bí ìwọ̀n 100, tí òun àti Jósẹ́fù ará Arimatéà fi sin Ín. Ta ni yóò yìn ín ní ọjọ́ náà? Síbẹ̀ Ọlọ́run rí i.

Ẹ jẹ́ kí a wádìí ọkàn wa. Bí a kò bá ní í pe orúkọ wa ní ọjọ́ Ìkórè, a ó ha mú ọrẹ kan náà wá bí? Bí àwọn ọlọ́lá ìlú bá pè wá sí ohun tí ó lòdì sí ẹ̀jẹ́ ìrìbọmi wa, a ó ha lè kọ̀ bí? Ayé kò ṣeé tẹ́ lọ́rùn. Ẹni tí ó yìn wá lónìí lè bú wa lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹni tí Ọlọ́run bá bùkún fún, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Kí Olúwa fún wa ní ìgboyà láti jẹ́wọ́ Rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Àmín.