Aṣòfin àti Àmánà Owó Ìlú

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó ni ọ̀run àti ilẹ̀, Ẹni tí ìṣirò gbogbo ẹ̀dá ń bẹ lọ́dọ̀ Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí ní òdodo àfi Òun nìkan, a sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad, ẹrú Rẹ̀ àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a gba ara wa àti ẹ̀yin náà ní ìmọ̀ràn pé kí a páyà Ọlọ́hun ní kọ̀rọ̀ àti ní gbangba. Lẹ́yìn náà:

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ ìtàn ọkùnrin ará Azd kan tí wọ́n ń pè ní Ibn al-Lutbiyyah. Imām Bukhārī àti Imām Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abū Humayd as-Sā'idī. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rán ọkùnrin yìí lọ gba sàká lọ́wọ́ àwọn Banū Sulaym. Nígbà tó padà dé, Ànábì gba ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà pín ohun tó kó bọ̀ sí méjì: ó ní apá kan jẹ́ ti ìlú, ó ní apá kejì jẹ́ ẹ̀bùn tí wọ́n fún òun. Ànábì gun mínbárì, ó sì béèrè ìdí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò fi jókòó sílé bàbá rẹ̀ tàbí ilé ìyá rẹ̀, kó wá wò ó bóyá ẹ̀bùn náà yóò wá bá a níbẹ̀. Ó kìlọ̀ pé ohun tí ènìyàn bá mú lọ́nà báyìí, yóò gbé e sọ́rùn wá lọ́jọ́ Àjíǹde, ìbáà ṣe ràkúnmí, ìbáà ṣe màlúù, ìbáà ṣe àgùntàn tó ń ké.

Ẹ kíyè sí i pé kí ìwàásù tó wáyé, ìṣirò ti kọ́kọ́ wáyé. Wọn kò ní kí ọkùnrin náà máa lọ sílé nítorí pé ó ti bá Ànábì kírun. Wọ́n bi í léèrè. Ìbéèrè yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí, nítorí pé a ní àwọn ènìyàn tí a dìbò yàn, tí a ń san owó oṣù fún, kí wọ́n lè máa béèrè rẹ̀ lórúkọ wa. Àwọn ni aṣòfin.

Àwa ará Ìkòròdú, títí kan àwa tí a wà ní Agric níbí, ní aṣòfin méjì nínú ogójì tó ń jókòó ní Aláúsá. A ní ẹyọ kan nínú 360 tó wà ní Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, a sì jọ ní sẹ́nétọ̀ kan pẹ̀lú àwọn ará Ẹ̀pẹ́, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí, Kòsọ́fẹ́ àti Ṣómólú. Ọ̀pọ̀ aṣòfin ni kò ní ipò kankan nílé. Ìjókòó ẹ̀yìn ni tiwọn. Àwọn ènìyàn a máa rò pé ẹni tó jókòó lẹ́yìn kò lágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò yọ ìjókòó ẹ̀yìn sílẹ̀. Ní abala 120, wọn kò gbọ́dọ̀ mú owó jáde nínú àpò ìpínlẹ̀ bí òfin kò bá fọwọ́ sí i. Ní abala 121, gómìnà gbọ́dọ̀ gbé ìṣirò owó tó fẹ́ ná wá síwájú ilé lọ́dọọdún. Ní abala 125, ọ́dítọ̀ àgbà gbọ́dọ̀ gbé àbọ̀ àyẹ̀wò rẹ̀ wá fún wọn. Abala 128 àti 129 fún wọn láṣẹ láti ṣe ìwádìí, láti pe ènìyàn, láti gba ìwé, kí àṣírí ìwà ìbàjẹ́ àti ìfiṣòfò lè tú. Irú agbára kan náà wà fún àwọn ti Àbújá ní abala 88 àti 89.

Ìsúná Èkó ti ọdún 2025, tí Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún náà, lé ní tírílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Ta ni nínú wa tó lè ti ọjà dé kó jókòó ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tán? Ìdí nìyẹn tí a fi yan ẹni tí yóò bá wa kà á, tí yóò fi ìka sórí ìlà kan, tí yóò sì wí pé: wọ́n kọ owó sí gọ́tà yìí lọ́dún tó kọjá, wọ́n tún kọ ọ́ lọ́dún yìí, gọ́tà náà dà?

Ṣùgbọ́n kí ni àwa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Bí Ramadan bá dé, ìrẹsì ni. Bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, àgbò ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta, kẹ̀kẹ́ Màrúwá, owó ìsọmọlórúkọ, owó ìsìnkú. Bí họ́nọ́rébù bá pín in, a ní ọmọ ìlú dáadáa ni. Bí kò bá pín in, a ní ahun ni, kódà bó ṣe òun nìkan ló dìde nílé tó bi kọmíṣọ́nnà léèrè ọ̀rọ̀. A kò sọ pé sàráà burú. Opó tó rí ẹ̀rọ ìránṣọ gbà, tó sì fi ń bọ́ ọmọ, kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i. Ohun tí a ń sọ ni pé owó oṣù aṣòfin kan kò lè gbé gbogbo ẹrù tí a dì lé e lórí. Níbo ni yóò ti rí ìyókù? Lọ́dọ̀ àwọn tó yẹ kó bi léèrè ni. Ẹni tó gba àpò ìrẹsì ẹgbẹ̀rún kan lọ́wọ́ ìjọba láti fi dá wa lọ́lá, báwo ni yóò ṣe la ojú ìjọba náà mọ́lẹ̀ kó ní kí wọ́n mú ìwé owó wá? A ti fi ọwọ́ ara wa di í lẹ́nu.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé ó tó tírílíọ̀nù kan náírà tí ìjọba àpapọ̀ ti ná sórí iṣẹ́ àkànṣe tó jẹ́ ti ẹkùn àwọn aṣòfin láàárín ọdún mẹ́wàá, tí àwọn mẹ̀kúnnù kò sì rí ohun tó tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí oṣù kìíní ọdún 2012. Lọ́jọ́ kìíní oṣù náà, epo bẹntiróòlù kúrò ní náírà 65, ó di 141. Àwọn tó dé Ọ̀jọ́ta nígbà náà kò ní gbàgbé. Ilé Aṣojú-ṣòfin pe ìpàdé pàjáwìrì ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ oṣù náà, wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ láti wádìí owó ìrànwọ́ epo. Ìgbìmọ̀ náà ṣiṣẹ́. Wọ́n rí i pé bílíọ̀nù 245 náírà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọdún 2011, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ná lé ní tírílíọ̀nù méjì ààbọ̀. Ó ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ! Bí aṣòfin kò bá béèrè, ta ni ìbá sọ fún wa?

Àmọ́ alága ìgbìmọ̀ náà, Farouk Lawan láti Kánò, gba 500,000 dọ́là lọ́wọ́ oníṣòwò epo kan, kó lè yọ orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tó jẹ̀bi. A kì bá má dárúkọ rẹ̀, bí kì í bá ṣe pé ilé ẹjọ́ ti kà á síta: wọ́n dá a lẹ́bi ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì fìdí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún múlẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ó ti ṣe é tán. A kò fi ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀dùn tiwa ni pé láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ dọ́là náà ti jáde, ẹnu gbogbo ayé kúrò lórí tírílíọ̀nù. Ẹ̀bùn kan ṣoṣo ba ìbéèrè gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ́.

Ẹni tó bá sì béèrè, kì í rọrùn fún un. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Sẹ́nétọ̀ Abdul Ningi láti Bauchi sọ pé tírílíọ̀nù mẹ́ta àti díẹ̀ wà nínú ìsúná ìjọba àpapọ̀ tí òun kò rí iṣẹ́ tó so mọ́ ọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní irọ́ ni, wọ́n sì ní kó lọ rọ́ọ́kún nílé fún oṣù mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pè é padà kí oṣù mẹ́ta tó pé. Àwa kò jókòó nílé ìgbìmọ̀ wọn, a kò lè ṣe ìdájọ́ láàárín wọn. A kàn mọ̀ pé ìwé ìṣirò ni ìdáhùn sí ìbéèrè owó.

Khutbah kejì

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, nígbà tí àwọn ará Kúfà fi ẹjọ́ gómìnà wọn sun Sayyidunā Umar (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), Sa'd ọmọ Abī Waqqās ni gómìnà náà. Ọ̀kan ni Sa'd nínú àwọn mẹ́wàá tí wọ́n fún ní ìró ìdùnnú Àlùjánnà. Síbẹ̀ Umar rán oníwàádìí lọ, oníwàádìí náà sì ń lọ láti mọ́sálásí dé mọ́sálásí, ó ń bi àwọn ènìyàn nípa rẹ̀. Mọ́sálásí ni ó ti béèrè, ẹ ṣàkíyèsí. Rere ni wọ́n ń sọ, títí ó fi dé mọ́sálásí àwọn Banū Abs, tí ọkùnrin kan dìde tó fi ẹ̀sùn èké kàn án. Sa'd gbàdúà lé e lórí pé bó bá jẹ́ irọ́ ló ń pa, kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn, kí òṣì rẹ̀ sì gùn, kó sì rí àdánwò. Ó rí bẹ́ẹ̀.

Bí oníwàádìí bá wọ mọ́sálásí wa yìí lónìí, kí ni yóò gbọ́? Ọ̀nà Agric sí Isawo, gbogbo wa la mọ bí òjò ṣe ń ṣe é. Ẹ má lọ sọ ọ́ nídìí ọkọ̀ nìkan. Ìgbìmọ̀ mọ́sálásí ti tẹ́ ìwé ẹ̀hónú sórí tábìlì lẹ́bàá ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Orúkọ òpópónà yín àti ohun tí ẹ fojú ara yín rí ni kí ẹ kọ, kì í ṣe àgbọ́sọ, nítorí ọkùnrin Kúfà yẹn. Ẹ̀yin ìyá wa, ìwé tiyín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. A ó kó o lọ fún aṣòfin wa, kó gbé e kalẹ̀ níwájú ilé, kó sì bá wa béèrè iye owó tí wọ́n kọ sí ọ̀nà yìí àti iye tó ti jáde. A kò ní gba àpò ìrẹsì dípò ìdáhùn. Bí òun fúnra rẹ̀ bá wá kírun níbí, ibi tó bá bá àyè ni yóò jókòó sí.

Ìwé náà yóò wà níbẹ̀ di Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ to sáfù yín kó gún. Ẹ gbé ìrun dìde.