Ìsinmi Kì Í Ṣe Ìwà Ọ̀lẹ

Bíbélì kíkà: 1 Àwọn Ọba 19:1-18

Olùfẹ́ ọ̀wọ́n, ìwọ náà mọ bí oṣù Kejìlá ṣe máa ń rí. Ọ̀gá ní ọ́fíìsì fẹ́ kí ìṣirò owó ọdún parí kí wọ́n tó tìlẹ̀kùn. Télọ̀ ti gba aṣọ ju èyí tí ọwọ́ rẹ̀ lè rán lọ. Oníṣòwò kò fẹ́ pa ìsọ̀ dé, nítorí pé ọjà ọdún nìyí. Ẹni tí ó ń gbé Ìkòròdú tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island ti wà lójú ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti sùn kí ó tó wọlé. Bí ọjọ́ ọdún bá wá pé, ọ̀pọ̀ a jókòó ti ìrẹsì àti adìyẹ, ṣùgbọ́n wọn kò ní lè gbádùn rẹ̀. Inú a máa bí wọn sí ẹni tí kò ṣẹ̀ wọ́n.

Ìbéèrè tí a ó gbé yẹ̀wò ní òwúrọ̀ yìí nìyí: ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọmọ Ọlọ́run sọ pé, "Ó ti rẹ̀ mí"?

Wo Èlíjà. Ní òkè Kámẹ́lì, ó gbàdúrà, iná sọ̀ kalẹ̀. Ó gbàdúrà, òjò rọ̀. Ó sáré ṣáájú kẹ̀kẹ́ Áhábù títí dé Jésírẹ́ẹ́lì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jésíbẹ́lì ránṣẹ́ pé òun yóò pa á, ọkùnrin tí kò bẹ̀rù 450 wòlíì Báálì yìí sá wọ aginjù, ó jókòó lábẹ́ igi, ó sì ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Kíyè sí i: kì í ṣe lẹ́yìn ìṣubú ni èyí ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́gun ńlá ni.

Kí ni Ọlọ́run ṣe? Kò pè é ní ọ̀lẹ. Áńgẹ́lì tí Ó rán kò pè é sí ààwẹ̀, kò sì wàásù fún un. Oúnjẹ gbígbóná àti omi ni ó gbé síwájú rẹ̀. Èlíjà jẹun, ó tún sùn. Áńgẹ́lì náà jí i lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ní kó jẹun, nítorí pé ìrìn-àjò tí ó kù ju agbára rẹ̀ lọ. Agbára oúnjẹ yẹn ni ó fi rìn fún 40 ọjọ́ dé Hórébù, ibẹ̀ sì ni Ọlọ́run ti bá a sọ̀rọ̀. Oorun àti oúnjẹ ló ṣáájú, ọ̀rọ̀ ló tẹ̀lé e.

Lónìí, àwọn onímọ̀ ìlera náà ti rí ohun tí àárẹ̀ ibi iṣẹ́ ń ṣe. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka àmì mẹ́ta sílẹ̀ fún un: ara á rẹ ènìyàn tẹnutẹnu, ọkàn rẹ̀ á kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀, kò sì ní lè ṣe é dáadáa mọ́. Ní ọdún 2021, àjọ yìí àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé sọ pé iṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ ló fa ikú ènìyàn bí 745,000 ní ọdún 2016, nípa àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn. Ìlera loògùn ọrọ̀.

O lè wí pé, "Bí mo bá sinmi, ta ni yóò san owó ilé?" Òótọ́ ni. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè sọ fún ọ̀gá pé ó tó gẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n yẹ ẹrù tí o rù wò dáadáa. Èwo ni ọ̀gá gbé kà ọ́ lórí, èwo ni ìwọ fúnra rẹ gbé nítorí ohun tí àwọn ará ìlú yóò sọ bí o bá dé láìmú nǹkan bọ̀? Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.

Èlíjà tún rò pé òun nìkan ló kù. Ọlọ́run fi hàn án pé 7,000 ṣì wà, Ó sì fún un ní Èlíṣà. Ọ̀pọ̀ àárẹ̀ wa ti inú èrò yìí wá: pé bí èmi kò bá sí níbẹ̀, gbogbo nǹkan yóò bàjẹ́. Olùfẹ́, ìwọ kọ́ lo gbé ayé dúró.

Ìwọ tí o jẹ́ ọ̀gá ńkọ́? Nínú Diutarónómì orí 5, Ọlọ́run pàṣẹ ìsinmi fún ẹrú àti ìránṣẹ́bìnrin pẹ̀lú, Ó sì rán àwọn ọmọ Ísírẹ́lì létí pé ẹrú ni àwọn náà rí ní Íjíbítì. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà náà fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó kọ́kọ́ jí nínú ilé rẹ, tí ó sì sùn kẹ́yìn, ǹjẹ́ ó ti sinmi lọ́sẹ̀ yìí? Ọmọ iṣẹ́ tí ó ń rán aṣọ ọdún mọ́jú ńkọ́? Má ṣe wá ìsinmi fún ara rẹ kí o sì fi du ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ fún òní: Mú ohun kan kúrò nínú ohun tí o fẹ́ ṣe kí ọdún tó dé. Fi ẹnì kan tí ó wà lábẹ́ rẹ sílẹ̀ kí ó tètè lọ sinmi. Ní alẹ́ òní, tètè sùn.

Àdúrà: Baba, dárí jì mí níbi tí mo ti fi ìgbéraga ru ẹrù tí O kò gbé lé mi lórí. Fún àwọn tí kò lè sinmi nítorí àìní, ṣí ọ̀nà. Kọ́ mi láti ṣiṣẹ́ bí ọmọ, kì í ṣe bí ẹrú, kí ọdún lè bá mi láyọ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.