Àbùkù Tí Kò Ní Ẹlẹ́ṣẹ̀

Bí nǹkan bá bàjẹ́, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni "Ta ló ṣe é?" Ọmọ ṣàìsàn, ọjà kò tà, oyún wálẹ̀, ojú á ti máa wá ẹni tó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú, òótọ́ sì ni, kò sí ohun tí kò nídìí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti "ó nídìí" dé "ẹnì kan ló wà nídìí ẹ̀", àwa sì ti sọ ọ́ di ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo. Mo gbà pé ibi lè wà, kí ó dunni dé egungun, síbẹ̀ kí ó má sí ẹlẹ́ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Inú amplifier tí ọ̀dọ́ kan fọwọ́ ara rẹ̀ tò ni mo ti fẹ́ mú ẹ̀rí mi wá, torí pé a lè yẹ ọ̀ràn wò níbẹ̀ láìsí pé ìbẹ̀rù tàbí ẹkún bò wá lójú.

Ọ̀dọ́ náà á ra IC TDA2030 kan, transformer, diode mẹ́rin àti capacitor ńlá, á fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn pọ̀. Bó bá tan ẹ̀rọ náà lásán, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Bó bá wá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kí orin lè jáde, sípíkà á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, hùn-ún-ùn, orin ìbáà máa lọ, kó má lọ. Ẹni tó mọṣẹ́ á yí fólúùmù wálẹ̀. Bí ìró náà bá bá a wálẹ̀, a jẹ́ pé kí ó tó dé ibi fólúùmù ló ti wọlé. Á yọ wáyà kọ̀ǹpútà kúrò, kẹ́kẹ́ á pa. Ṣé kọ̀ǹpútà ló wá jẹ̀bi? Á yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò lára iná, á jẹ́ kó máa lo bátìrì rẹ̀, á tún dá wáyà orin padà: orin ń jáde, kíkùn kò sí. Á fi wáyà yẹn kan náà so fóònù mọ́ ẹ̀rọ, ó mọ́ gaara. Kọ̀ǹpútà pé, wáyà pé, amplifier pé. Síbẹ̀, bí ó bá tún kó gbogbo wọn pọ̀ bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀, kíkùn á padà dé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé amplifier ní wáyà earth tirẹ̀, tó gba inú pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sára iná ilé. Kọ̀ǹpútà náà ní tirẹ̀. Nígbà tí wáyà orin so àwọn méjèèjì, ìbòrí onírin tó yí wáyà náà ká tún di ọ̀nà mìíràn láàárín wọn, òrùka kan sì dá sílẹ̀ tí kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Iná ilé ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára òòfà rẹ̀ sì ń mú kí iná tíntìntín máa ṣàn yí òrùka náà po. Amplifier rò pé orin ni, ó sọ ọ́ di ńlá. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe gan-an ló ń ṣe.

Ibí yìí ni kí a ti rọra. Ibikíbi tí a bá ti gé òrùka náà, ariwo á dákẹ́. Àwọn kan máa ń gé wáyà earth inú pulọ́ọ̀gì amplifier, inú wọn á dùn pé àwọn ti rí ohun tó ń dà á láàmú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Earth ni yóò gba iná sọ́dọ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bá já nínú transformer tí iná bọ́ sára páànù ẹ̀rọ. Ẹni tó gé e ti gé ohun tí kò ní jẹ́ kí iná pa á. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e kò fi hàn pé earth jẹ̀bi. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé ìyá arúgbó kan tí wọ́n pè ní àjẹ́ kúrò nínú ilé ni àlàáfíà ti wọlé, mi ò ní jiyàn pé àlàáfíà kò wọlé. Ohun tí mo ń sọ ni pé àlàáfíà náà kò tíì tó ẹ̀rí.

Ẹnì kan lè ní ẹni tó to ẹ̀rọ náà ló jẹ̀bi. Òun ló kàn láti tún un ṣe, mo gbà: kó ki ẹ̀rọ méjèèjì bọ ojú iná kan náà, tàbí kó fi transformer kékeré sójú ọ̀nà orin. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ kan èèyàn yàtọ̀ sí kó dẹ́ṣẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ṣebí ohun tó bàjẹ́ gan-an máa ń wà nínú ẹ̀rọ. Ó máa ń wà. Capacitor tó ti gbẹ kì í lè mú iná dúró ṣinṣin mọ́, ẹ̀rọ á sì máa han ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń dá a lẹ́bi: a fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ariwo lọ, a dá a padà, ariwo dé, a gbé e sínú ẹ̀rọ mìíràn tó ti ń ṣe dáadáa, ìyẹn náà bẹ̀rẹ̀ sí í han. Àbùkù ń tẹ̀ lé e kiri. Wáyà earth kò lè kùnà nínú ìdánwò kẹta yìí láé, torí pé kò gbé ariwo kankan sára.

Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń dá èèyàn lẹ́bi. Ní ọdún 1950 sí 1951, àwọn Atinga, ẹgbẹ́ tó ń wá àjẹ́ kiri, tó pilẹ̀ láti Gold Coast, gba Dahomey wọ ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń mú àwọn obìnrin pé àjẹ́ ni wọ́n, pàápàá àwọn tó ti dàgbà. Ẹni tó bá ní òun kọ́, adìẹ ni wọ́n máa ń pa, bó bá ṣe kú ni wọ́n fi ń dájọ́. Ikú ọmọdé wà lára ohun tí wọ́n ń bi obìnrin léèrè. Bẹ́ẹ̀, ní 1949, ọdún kan ṣáájú, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Amẹ́ríkà pé inú èròjà pupa ẹ̀jẹ̀ ni àrùn sickle cell ti ń wá. Bàbá lè jẹ́ AS, ìyá lè jẹ́ AS, kí ara àwọn méjèèjì le koko; S kan ṣoṣo yẹn a tiẹ̀ máa dáàbò bo èèyàn díẹ̀ lọ́wọ́ ibà. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ra ni ìdá kan nínú mẹ́rin yọjú fún oyún kọ̀ọ̀kan pé ọmọ lè jẹ́ SS, kó ní àrùn náà. Bàbá kò jẹ̀bi, ìyá kò jẹ̀bi, ìyá bàbá tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ la pè ní àbíkú.

Àtakò tó wúwo jù ni pé èèyàn kì í ṣe wáyà, pé ìkà wà láyé, àti pé ẹ̀sìn wa gbà bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbà pé ìkà wà. Ẹni tó bu májèlé sí oúnjẹ ẹnìkejì rẹ̀ jẹ̀bi, a sì lè bá májèlé náà nínú àwo. Ẹni tó bá dá a lójú pé àjẹ́ wà gan-an ló yẹ kó le jù lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rí, nítorí ẹ̀sùn tó ń gbé lọ́wọ́ lè lé èèyàn kúrò nílé ọmọ tó bí. Ìdánwò tí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lè kùnà nínú rẹ̀ kò tó láti fi lé e, yálà adìẹ ni wọ́n pa ni o, tàbí wòlíì ló ríran.