Ewé Igbó àti Ìkòkò Àwọn Ọmọ Wòlíì

Ẹ ka Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 4, ẹsẹ 38 sí 41.



Ìyàn mú ní Gílígálì ní ọjọ́ wòlíì Èlíṣà. Ebi mú kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wòlíì jáde lọ sí pápá láti wá ewébẹ̀. Ó rí ìtàkùn kan tí kò mọ̀, ó ká èso rẹ̀ kún aṣọ rẹ̀, ó sì rẹ́ ẹ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n kígbe pé ikú wà níbẹ̀. Ẹ kíyèsí ohun tí Èlíṣà ṣe. Kò sọ fún wọn pé kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lọ nítorí pé ebi ń pa wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni kò pàṣẹ pé kí wọ́n da ìkòkò náà nù. Ó bèèrè ìyẹ̀fun, ó dà á sínú rẹ̀, ọbẹ̀ náà sì di oúnjẹ.

Ìtàn yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní Ute àti ní gbogbo agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, nítorí ọ̀ràn ewé tí a ń pè ní igbó. Àwọn òpìtàn sọ pé lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, nígbà tí àwọn ọmọ ogun wa ti Bọ́mà àti Íńdíà dé, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí gbilẹ̀ láàárín wa. Lónìí, nínú aginjù ìpínlẹ̀ wa ni a ti ń gbìn ín lọ́pọ̀lọpọ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ àjọ NDLEA sì ń wá jó oko rẹ̀ níná. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, Gómìnà Rótìmí Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí ó di olóògbé ní oṣù kejìlá ọdún 2023, lọ sí ilẹ̀ Thailand pẹ̀lú ẹni tí ó jẹ́ alága àjọ náà nígbà náà, láti wo bí a ti ń gbin igbó fún oògùn. Ó ní owó ńlá wà nínú rẹ̀ tí ilẹ̀ wa kò gbọdọ̀ pàdánù. Ṣùgbọ́n Ọ̀gágun Buba Marwa, tí ó gba ipò alága ní ọdún 2021, tako ọ̀rọ̀ náà gidigidi. Kí ni ó yẹ kí Kristẹni wí?

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn, kì í ṣe láti inú àpò owó. Ní ọdún 2018, ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí oògùn kan tí ń jẹ́ Epidiolex, tí a yọ láti ara ewé yìí, fún àwọn ọmọdé tí irú wárápá líle kan ń dà láàmú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí àwọn dókítà àgbà máa kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejìlá ọdún 2020, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò, 27 sí 25, láti yọ igbó kúrò lára àwọn oògùn tí a kà sí eléwu jùlọ; Nàìjíríà wà lára àwọn tí kò fara mọ́ ọn. Èyí kò ṣàjèjì. Mọ́fíìnì tí a fi ń dẹ ìrora aláàrùn jẹjẹrẹ, inú oje òpíọ́mù ni a ti ń rí i. Òfin de òpíọ́mù ní ìgboro, síbẹ̀ kò de mọ́fíìnì ní ilé ìwòsàn. Wòlíì Àìsáyà pẹ̀lú kò jẹ́ iṣẹ́ Olúwa fún Hesekáyà nìkan. Ó ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú eéwo rẹ̀.

Èkejì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ oògùn bo ikú mọ́lẹ̀. Ìwádìí tí a ṣe ní orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 2018 fi hàn pé ó tó mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn tí ó lo igbó láàárín ọdún kan. Ohun tí ń yí ọpọlọ padà nínú ewé náà ni a ń pè ní THC; ohun tí a fi ṣe Epidiolex ni CBD, èyí tí kì í pa ni bí ọtí. Nítorí náà, ẹni tí ń fa èéfín igbó lẹ́yìn ọjà, tàbí tí ó rẹ ẹ́ sínú ògógóró tí ó sì ń pè é ní àgbo, kò lo oògùn. Kò mọ ìwọ̀n rẹ̀, kò sì mọ ohun tí ó gbé mì. Àwọn kan a máa wí pé Ọlọ́run ni ó dá gbogbo ewéko. Òtítọ́ ni. Òun náà ni ó dá ìtàkùn Gílígálì.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra fún ìfẹ́ owó. Ilẹ̀ Thailand tí gómìnà wa lọ wò yọ igbó kúrò nínú òfin ìdè ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Kò pẹ́ tí ilé ìtajà igbó fi kún ìgboro, kì í sì í ṣe nítorí aláìsàn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba ibẹ̀ tún pàṣẹ pé kò sí ẹni tí yóò rà á láìsí ìwé dókítà. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ní Lẹ̀sótò pẹ̀lú, tí ó ti ń fúnni ní ìwé àṣẹ láti ọdún 2017, owó ìwé náà ga ju agbára àgbẹ̀ kékeré lọ. Kí ọmọ Ute tí kòkó rẹ̀ kò so dáadáa má ṣe rò pé òun ni a ń ṣí ilẹ̀kùn ọrọ̀ yìí fún. Ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin ọdún 1989 ṣì kọ sílẹ̀ fún ẹni tí ó gbin oògùn olóró.

Ìyẹ̀fun Èlíṣà ni ohun tí a ń fẹ́: ìmọ̀, ìwọ̀n àti òfin. Ó tọ́ kí àwọn aṣòfin ṣí ilẹ̀kùn tóóró kan, kí oògùn tí a ti dán wò, tí NAFDAC sì fọwọ́ sí, lè ti ọwọ́ dókítà dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí wárápá ń gbé ṣánlẹ̀. Kò tọ́ kí a ṣí oko sílẹ̀ kí a tó mọ bí a ó ti ṣọ́ ilé ìwòsàn. Títí òfin yóò fi yípadà, ẹ jẹ́ kí a pa á mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe wí fún àwọn ọmọ ilé-ìwé pé ewé náà kò wúlò fún ohun kan. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ òtítọ́ níbòmíràn, wọn kì yóò gba ẹ̀rí yín gbọ́ mọ́ nípa ewu rẹ̀. Ẹ sọ méjèèjì fún wọn. Ẹ̀yin òbí tí igbó ti mú ọmọ yín lẹ́rú, ẹ má ṣe lé e jáde bí ẹni da ìkòkò nù. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì gbé e wá síwájú Olúwa.

Kí Ọlọ́run tí ó fi ìwòsàn sínú ewé fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ìyàtọ̀, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.