Ibo Ni Àdúgbò Mi Parí Sí?

Ẹ̀yìn káńtà ni fíríìjì insulin wà ní kẹ́míìsì tí mo ní ní Anthony, l'Ékòó. Ohun inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tutù kọjá ìwọ̀n 2 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò sì gbọdọ̀ gbóná ju 8 lọ. Bí iná bá lọ, bátìrì olójé tó wà lára inverter ló ń gbé e. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun fún bátìrì yẹn, àmọ́ ìbéèrè kan ń bá ọpẹ́ mi jà: bó bá kú, ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ?

Àwọn tó ń ti ọmọlanke ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ohun èlò tó ti bàjẹ́, ló ń rà á. Ọ̀nà tó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé e gbà kò jìnnà: títì Ìkòròdú tó gba Anthony kọjá ló lọ sí Ọjọ́tà, Kétu àti Máìlì 12. Ẹni tó bá gbà á dé Ìkòròdú, tó sì tẹ̀ síwájú, yóò já sí Ògíjo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù. Lọ́dún 2025, ìwádìí tí ìwé ìròyìn New York Times àti ilé iṣẹ́ ìròyìn The Examination jọ ṣe fi hàn pé òjé ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará ibẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́.

Àwọn àgbà nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti jiyàn lórí ibi tí ẹ̀tọ́ aládùúgbò dé. Àwọn kan ní ogójì ilé ni, lọ́tùn-ún, lósì, níwájú àti lẹ́yìn. Èmi gbà pé ibi tí ohun tó kúrò lọ́wọ́ mi bá balẹ̀ sí, àdúgbò mi dé ibẹ̀. Ọmọ Ògíjo, ọmọ àdúgbò mi ni.

Ìdí rèé tí mo fi ń ka iṣẹ́ àwọn tó ń wá electrolyte tó dára fún bátìrì síǹkì, tó lè gba ipò olójé. Síǹkì wà lápá kan, ọ́kísáídì máńgánísì wà lápá kejì, omi oníyọ̀, ìyẹn electrolyte, wà láàárín. Omi yìí kì í gbiná. Iyọ̀ tí wọ́n sábà ń lò, zinc sulphate, mo ní in lórí pẹpẹ: òun là ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ìṣòro bátìrì yìí ni pé omi ń jẹ síǹkì. Háídírójìn ń tú jáde, síǹkì tó ń padà sílé nígbà tí bátìrì bá ń gba iná kì í sì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ń yọ ṣóṣóró bí ẹ̀gún, títí yóò fi gún apá kejì, tí bátìrì yóò sì kú.

Lọ́dún 2018, ikọ̀ Chunsheng Wang àti Kang Xu ní Amẹ́ríkà po iyọ̀ mìíràn tó pọ̀ gan-an mọ́ omi débi pé omi kò rí ààyè ṣe tinú rẹ̀ mọ́, síǹkì sì ń lọ, ó ń bọ̀, láìfi bẹ́ẹ̀ dín kù. Àmọ́ iyọ̀ náà wọ́n, ó sì ní fluorine tí kì í jẹ́ kó tètè jẹrà nínú ilẹ̀. Ní 2021, àwọn onímọ̀ kan fi glúkóòsì sínú zinc sulphate. Ṣúgà náà gba ipò díẹ̀ lára omi tó yí síǹkì ká, ẹ̀gún sì dín kù. Ẹni tó ń yàn láàárín irú nǹkan méjì báyìí, ìbéèrè ẹ̀sìn nípa ẹ̀tọ́ aládùúgbò ló ń dáhùn, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé àníyàn ni Ọlọ́hun ń wò, àníyàn mi sì mọ́: mo fẹ́ kí insulin tutù. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àníyàn tó ti gbọ́ nípa Ògíjo, tó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò mọ́ mọ́. Síǹkì pàápàá kò bọ́ nínú ẹ̀bi: nínú ilẹ̀ Abakaliki, òun àti òjé jọ wà nínú àpáta kan náà ni, ẹni tó bá wa ọ̀kan yóò hú èkejì. Electrolyte tó dára yóò dín ìpalára kù. Kò ní gba ojúṣe lọ́rùn wa.

Títí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ yóò fi dé ọjà wa, ó di dandan kí n mọ ẹni tí mò ń ta kọ́ńdẹ́ẹ̀mù fún, kí n sì fara mọ́ owó tó kéré lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un lò láìpa ẹnikẹ́ni lára. N kò ní ka owó tí mo bá pàdánù níbẹ̀ sí sàráà. Gbèsè tí mo jẹ ọmọ Ògíjo ni.