Àmì tó wà lábẹ́ yìnyín

Lóru, nígbà tí ilé bá ti pa lọ́lọ́, mo máa ń wo họ́kì orí yìnyín lórí tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe góòlù ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ wá. Àárín pápá ni, níbi tí àmì ẹgbẹ́ tó nilé wà. Orí àmì yẹn ni rẹfirí ti ń ju rọ́bà pẹlẹbẹ dúdú tí wọ́n ń pè ní puck sílẹ̀, láàárín ọkùnrin méjì tó bẹ̀rẹ̀ dojú kọ ara wọn. Bó bá ti kan ilẹ̀ báyìí, irin abẹ́ bàtà wọn á ha àmì náà, igi ọwọ́ wọn á gbá a, wọ́n á sì sá lọ. Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, ẹ̀rúnrún yìnyín á ti bo gbogbo ojú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ àmì yìí kan náà, nínú yàrá ìmúra ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ojú kápẹ́ẹ̀tì ló wà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á yà fún un bí ẹni yà fún àgbàlagbà lójú ọ̀nà. Akọ̀ròyìn tó bá ṣèèṣì gbẹ́sẹ̀ lé e, kíá ni wọ́n á ti kígbe mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú fún ọjọ́ pípẹ́. Báwo la ṣe ń gbé nǹkan gẹ̀gẹ̀ nínú ilé, tí a tún ń fi irin ya á lára lójú gbogbo ayé?

Ìgbà tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni ara mi tó balẹ̀. Kọnkéré ni ìsàlẹ̀ pápá náà, páìpù sì wà nínú rẹ̀ tí omi iyọ̀ títutù rinrin ń gbà kọjá. Wọ́n á fọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́ sí i, á dì, wọ́n á tún fọ́n òmíràn. Yìnyín fúnra rẹ̀ kò láwọ̀. Kọnkéré là bá máa rí, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà funfun kùn ún. Omi mìíràn á tún gorí ọ̀dà yẹn, á dì. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó máa yàwòrán á kúnlẹ̀. Wọ́n á tẹ́ bébà ńlá tí wọ́n ti lu ní ihò wínníwínní tọ ìlà àmì náà, wọ́n á gbọn ìyẹ̀fun aláwọ̀ lé e, wọ́n á sì ká bébà kúrò. Ìlà náà á hàn sílẹ̀ bí odù ṣe ń hàn nínú ìyẹ̀ròsùn ojú ọpọ́n. Ó wá ku ẹni tó di búrọ́ọ̀ṣì mú. Tó bá parí, omi á tún bò ó ní ìpele ìpele, títí gbogbo rẹ̀ á fi nípọn tó íńṣì kan tàbí kó lé díẹ̀.

Irin bàtà kò kan àmì náà rí. Omi tó bò ó ni irin ń ha. Bí wọ́n bá dẹ́kun eré díẹ̀, ẹ̀rọ Zamboni, tí Frank Zamboni ṣe ní California ní 1949, á jáde, á fá ojú yìnyín, á da omi gbígbóná sí i, àmì á sì tún mọ́ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò dé ibẹ̀ rí.

Ìwọ̀n ibẹ̀ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni láti yí padà. Ní NHL, líìgì họ́kì àgbà ti Amẹ́ríkà àti Kánádà, òbìrípo àárín pápá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 30, ojú kan búlúù tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan sì wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Àmì tó bá máa gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ojú búlúù yìí sí àyà. Èmi rò pé ti ẹgbẹ́ Boston ló bá ibẹ̀ mu jù: lẹ́tà B láàárín àgbá kẹ̀kẹ́, nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ ti ń pe ìlú wọn ní àárín àgbá, ibi tí gbogbo irin kẹ̀kẹ́ ti ń pàdé, láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Òbìrípo nínú òbìrípo. Ti Montreal náà wù mí. C àti H tó wà níbẹ̀ kò ju orúkọ ẹgbẹ́ náà lọ, Club de hockey Canadien.

Ewé tó jẹ́ àmì ẹgbẹ́ Toronto ló ń mú mi ronú jù. Èyí tí wọ́n ń lò láti 2016 ní ṣóńṣó 31, nítorí 1931 tí wọ́n ṣí Maple Leaf Gardens, gbọ̀ngàn wọn àtijọ́, àti iṣan 17, nítorí 1917 tí ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. 13 nínú iṣan wọ̀nyẹn wà lókè, fún ife Stanley, ife ẹ̀yẹ líìgì náà, 13 tí wọ́n ti gbà. Ta ló máa rí iṣan wọ̀nyẹn láti orí ìjókòó òkè? Ẹni tó kúnlẹ̀ kùn ún nìkan ló máa kà á tán. Lónìí, aṣọ tí wọ́n ti tẹ àmì sí ni ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ń tẹ́ sínú yìnyín. Ó yá, ó sì gún régé. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ẹni tó ń kúnlẹ̀ yẹn ti ń dín kù.

Nítorí ẹni náà ni mo ṣe fẹ́ràn ìtàn Trent Evans. Ará Edmonton ní Kánádà ni, wọ́n sì pè é kó wá bá wọn ṣe yìnyín Òlíḿpíìkì 2002 nítòsí Salt Lake City. Ó ri owó ẹyọ dọ́là kan ti Kánádà, èyí tó ní àwòrán ẹyẹ loon lára, sábẹ́ yìnyín ní àárín gbùngbùn pápá. Àwọn díẹ̀ tó mọ̀ sé e mọ́ra. Àwọn obìnrin Kánádà gba wúrà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì, àwọn ọkùnrin náà na Amẹ́ríkà ní 5 sí 2, wúrà wọn àkọ́kọ́ láti àádọ́ta ọdún. Lẹ́yìn náà ni Wayne Gretzky, tó ṣe olórí ikọ̀ náà, gbé owó ọ̀hún sókè han àwọn akọ̀ròyìn.

Yìnyín Salt Lake ti yọ́ lọ tipẹ́. Owó dọ́là náà wà ní Toronto, nínú Hockey Hall of Fame.