Ọwọ́ Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Nínú Ìwé Owó

Ní Nàìjíríà, ìdánwò nìkan kò sọ ènìyàn di akáúńtáǹtì. Ẹgbẹ́ àwọn akáúńtáǹtì, ICAN, tí òfin fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1965, ń béèrè ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ kí ẹni tó yege tó lè di ọmọ ẹgbẹ́. Ní Ìlọrin, ọ́fíìsì ọ́dítọ̀ kan, ilé-ìwòsàn tàbí ilé-ìwé gíga ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti lè lo ọdún wọ̀nyí. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ kò gbayì: kó to rìsíìtì, kó fi ìwé báǹkì wé ìwé ilé iṣẹ́, kó ka ọjà inú sítóò nígbà tí ọdún bá ń parí.

Ibi iṣẹ́ kéékèèké yìí gan-an ni ìbéèrè tó wúwo ti ń yọjú. Bí ọ̀gá bá ní kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kọ owó tí ẹnikẹ́ni kò san sínú ìwé, ta ló jẹ̀bi níwájú Ọlọ́run: ẹni tó pàṣẹ, àbí ẹni tó kọ ọ́? Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kéwú láti kékeré, kò sẹ́ni tó lè fi ìbéèrè yìí ṣeré.

Ẹsẹ tó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, ẹsẹ 282 nínú Súrà Bàkárà, kì í ṣe ti ìrun tàbí ti ààwẹ̀; gbèsè àti bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ ló dá lé. Ó pàṣẹ kí akọ̀wé fi òdodo kọ ọ́, kó má sì kọ̀ láti kọ, nítorí Ọlọ́run ló fún un ní ìmọ̀ náà. Ajigbèsè ni yóò máa sọ ọ́ kí akọ̀wé máa kọ, kì í ṣe olówó, kí ẹni tí ẹrù wà lọ́rùn rẹ̀ lè fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ní ìparí ẹsẹ náà ni ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń yára kọjá, tí àwọn onítúmọ̀ sì rí ọ̀nà méjì nínú rẹ̀. Àwọn kan ní ó ń kìlọ̀ pé kí akọ̀wé àti ẹlẹ́rìí má ṣe pa ẹnikẹ́ni lára. Àwọn mìíràn ní akọ̀wé àti ẹlẹ́rìí gan-an ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ni lára. Fún ọ̀rọ̀ ìkọ́ṣẹ́, ìtumọ̀ méjèèjì ló wúlò: ọ̀kan bá ọmọ wí, èkejì bá ọ̀gá wí.

Ìkọ́ṣẹ́ kì í ṣe àjèjì ní Ìlọrin. Lọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ òfì àti àwọn amọ̀kòkò àdúgbò Dáda, bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ọ̀gá ni oníbàárà ń bá wí, kì í ṣe ọmọṣẹ́. Àṣà yìí tọ́ fún àṣìṣe, ṣùgbọ́n irọ́ yàtọ̀ sí àìmọ̀ṣẹ́. Ọmọ tó hun aṣọ wọ́ kò mọ̀ ọ́n hun ni. Ẹni tó kọ owó tí kò wọlé mọ̀ pé kò wọlé. Àlùkùránì sì tún un sọ níbi púpọ̀ pé ẹnì kan kì í ru ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Ìlànà ìwà tí àwọn akáúńtáǹtì ń tẹ̀lé káàkiri ayé kò yọ ẹni tó wà lábẹ́ ọ̀gá sílẹ̀ nínú èyí. Òfin àwọn ilé iṣẹ́ ti 2020 ní kí a tọ́jú ìwé owó fún ọdún mẹ́fà, ìlọ́po méjì àkókò ìkọ́ṣẹ́, nítorí náà ẹlòmíràn lè gbẹ́kẹ̀ lé irọ́ náà láti yáni lówó nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ ti lọ.

Àwọn onígbàgbọ́ ìlú náà ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nínú Lúùkù orí 16. Ìríjú tí wọ́n fẹ́ lé kúrò níṣẹ́ pe àwọn ajigbèsè ọ̀gá rẹ̀, ó ní kí ẹni tó jẹ ọgọ́rùn-ún òṣùwọ̀n òróró yára kọ àádọ́ta. Kò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ó fi ọwọ́ ẹlòmíràn sínú ọ̀rọ̀ náà.

Èlé ló nira jù. Hádíìsì kan nínú àkójọ Muslim ka akọ̀wé èlé àti ẹlẹ́rìí rẹ̀ mọ́ àwọn tí Ànábì ṣẹ́bi fún, pẹ̀lú ẹni tó ń jẹ ẹ́ àti ẹni tó ń san án. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ṣòro láti kọ́ iṣẹ́ yìí láìpàdé èlé nínú ìwé báǹkì. Àwọn onímọ̀ kan ní kí mùsùlùmí sá fún un pátápátá. Àwọn mìíràn ya ẹni tó kọ àdéhùn èlé sọ́tọ̀ sí ẹni tó kàn ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù, nítorí bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ iye èlé tó wọlé sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú owó rẹ̀ kò ní mọ iye tí yóò yọ. AAOIFI, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìṣirò owó fún àwọn báǹkì Ìsìláàmù láti Bahrain, ń béèrè pé kí báǹkì fi irú owó bẹ́ẹ̀ hàn lọ́tọ̀. Láti 2012 tí Jaiz Bank ti ṣílẹ̀kùn ní Nàìjíríà, ọ̀nà mìíràn tún wà fún ẹni tí kò fẹ́ kí èlé kan ọwọ́ òun rárá, bí kò tilẹ̀ lè gba gbogbo àwọn tó ń wá ibi ìkọ́ṣẹ́.

Ti ọ̀gá ló kù. Àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù gbà pé ẹni tí wọ́n fi ikú halẹ̀ mọ́ ní àwíjàre. Pípàdánù ibi ìkọ́ṣẹ́ kò dé ibẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀gá ló ń buwọ́ lùwé láti jẹ́rìí sí iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ọmọ náà. Ẹni tó bá fi ìbuwọ́lùwé yìí mú un kọ irọ́ ti ni akọ̀wé lára. Bó bá sì wá fọwọ́ sí i pé ọmọ náà yẹ fún iṣẹ́, òun náà ti di ẹlẹ́rìí, ẹsẹ gbèsè kan náà ló sì dè é.